Irúgbìn pápá Illinois tí kì í hù: kí ni ká ṣe sí i?

Ìyá Tolú (Illinois): Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Oko àgbàdo àtijọ́ kan la fẹ́ dá padà sí pápá prairie, ìyẹn pápá koríko àti òdòdó ìbílẹ̀. Irúgbìn òdòdó méjì, milkweed àti wild indigo, àti ti koríko big bluestem ló wà nílẹ̀. Ṣé ká kàn fọ́n wọn ní oṣù karùn-ún ni?

Káyọ̀dé (Iowa): Ẹ kú iṣẹ́, mà. Big bluestem nìkan lẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Milkweed gbọ́dọ̀ rí òtútù àti ọ̀rinrin pọ̀ kó tó hù dáadáa. Ẹ wá iyanrìn tó mọ́, ìlọ́po mẹ́ta irúgbìn, ẹ wọ́n omi sí i kó tutù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, kí omi má kán. Ẹ po méjèèjì pọ̀ sínú ọ̀rá, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i lára, ó di inú fìríìjì fún 30 ọjọ́, ní dígírì 1 sí 5 ti Celsius. Kì í ṣe fírísà o! Bí omi bá di yìnyín, ohun tó yẹ kó yí padà nínú irúgbìn á dúró sójú kan. Omi àpọ̀jù ló ń fa èébu. Bí ẹ bá sì ti kó o jáde, ẹ má jẹ́ kó gbẹ mọ́, ó lè kú.

Àǹtí Bísí (Minnesota): Ti wild indigo yàtọ̀. Èèpo rẹ̀ ló le, omi kì í ráyè wọlé. (Irúgbá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da omi gbígbóná sí i.) Ẹ fi sánpépà ha á títí ara rẹ̀ kò fi ní dán mọ́, bí ẹ bá ti rí inú rẹ̀, ẹ ti ha á jù. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Èyí tó bá wú ti ṣe tán, èyí tí kò wú, ẹ tún un ha. Lẹ́yìn náà, iyanrìn tútù nínú fìríìjì, bí ọjọ́ 10. Lọ́jọ́ tí ẹ máa gbìn ín, ẹ po ìyẹ̀fun rhizobium (kòkòrò àìfojúrí tó ń bá gbòǹgbò rẹ̀ ṣiṣẹ́) mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ń tà fún sóyà kò bá a mu.

Ìyá Tolú: Ẹ ṣeun. Bí a bá fọ́n gbogbo rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ńkọ́?

Káyọ̀dé: Ó dáa fún àwọn olódòdó, òtútù ilẹ̀ á ṣe iṣẹ́ fìríìjì. Ẹyẹ àti eku á jẹ nínú rẹ̀, torí náà ẹ fi kún un. Wild indigo ṣì nílò híha. Ẹ fi big bluestem sílẹ̀ di ìparí oṣù karùn-ún, ilẹ̀ tó ti móoru ló fẹ́.

Àǹtí Bísí: Ẹ má bò wọ́n jinlẹ̀! Mìlímítà 6 ti tó. Bí ẹ bá fi Culver's root kún un, òdòdó pápá tí irúgbìn rẹ̀ kéré bí eruku, ẹ má bò ó rárá, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń hù. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀.