Wọ́n ya Ganesh sórí ẹní ìnusẹ̀, báwo la ṣe máa fi sùúrù dá wọn lóhùn?

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. London la wà, ọmọ Gùjárátì lọkọ mi, ẹlẹ́sìn Híńdù ni gbogbo ilé wọn, èmi Kìrìsìtẹ́nì. Ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa wá ń ta ẹní ìnusẹ̀ tí wọ́n ya Ganesh sí, òrìṣà olórí erin tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ké pè kí wọ́n tó dáwọ́ lé ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn tẹ́sẹ̀ bá ṣèèṣì kan nǹkan mímọ́ lásán wọ́n á tọrọ àforíjì. Inú bí àbúrò ọkọ mi débi pé ó lóun máa lọ fọ́ gíláàsì wọn. Ìyá ọkọ mi ló rán an létí 2002, táwọn agbébọn pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní tẹ́ńpìlì Akshardham ní Gandhinagar ní Íńdíà, Pramukh Swami Maharaj, tó jẹ́ olórí ìjọ Híńdù tó ni tẹ́ńpìlì náà nígbà yẹn, ò ní kí wọ́n gbẹ̀san, àdúrà àti sùúrù ló ní kí wọ́n fi dáhùn. Mo fẹ́ bá wọn kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, kí ló yẹ kó wà nínú ẹ̀ tí ò ní dà bí ìhàlẹ̀? Àti pé báwo lèmi ìyàwó ilé ṣe máa bá bọ̀dá yẹn sọ̀rọ̀ tí ò ní rò pé mi ò ka ohun tó ń dùn ún sí?