Ìtẹ́lọ́rùn kò ṣeé fi “ìtọ́kàn” rọ́pò: èsì sí ẹ̀gbọ́n wa ní Mọ̀ọ́rẹ̀

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Iléṣà. Ẹ̀gbọ́n wa tí ń gbé ní Mọ̀ọ́rẹ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, kọ̀wé pé kí a pa “ìtẹ́lọ́rùn” tì. Wọ́n ní “tẹ́” inú rẹ̀ náà ló wà nínú “ẹ̀tẹ́”, pé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ iyì ti gbé ìtìjú pọ̀n. Wọ́n ní ọrùn ò níṣẹ́ kankan níbi ọ̀rọ̀ ọkàn. Wọ́n wá ṣẹ̀dá “ìtọ́kàn” láti ara “tó ọkàn”, wọ́n sì rọ àwa olùkọ́ pé ká máa fi kọ́ ọmọ. Mo fara balẹ̀ kà á tán. Inú mi ò dùn sí i rárá.

Tẹ́ pọ̀ lédè wa. Ènìyàn ń tẹ́ láwùjọ, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ń tẹ́ lẹ́nu, a ń tẹ́ ẹní, a ń tẹ́ pẹpẹ, ilẹ̀ ń tẹ́jú. Kí ló dé tó fi jẹ́ tẹ́ ti ìtìjú nìkan lẹ rí he? Bí a bá ní ká máa lé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ bá ti ọ̀rọ̀ burúkú dọ́gba kúrò nílé, èwo ni yóò ṣẹ́ kù fún wa?

Ẹ wá wo èyí tí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. “Tó” pàdé ọkàn, ó di tọ́kàn. “Tọ́” pàdé ọkàn, tọ́kàn náà ni. Ọmọ tí a bá kọ “ìtọ́kàn” síwájú rẹ̀, ọ̀nà wo ni yóò fi mọ̀ bóyá nǹkan ló tó ọkàn, àbí ọkàn la fẹ́ tọ́ bí a ti ń tọ́ ọmọ? Ọ̀rọ̀ tí kò rú ẹnikẹ́ni lójú lẹ gbé sọnù.

Ṣùgbọ́n “tó” yìí gan-an ló bí mi nínú jù. “Tó” ń wọn nǹkan ni. Ìtẹ́lọ́rùn kì í wọn nǹkan. Ní ọjà Atákúnmọ́sà níbí, mo dúró lọ́dọ̀ ìyá aláta kan nírọ̀lẹ́ tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Oníbàárà kan kó gbogbo ata tó kù nínú abọ́, ó sì fún wọn ní iye tí kò pé. Ìyá náà ka owó yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ká a wẹ́rẹ́, wọ́n sì so ó mọ́ etí ìró. Wọ́n ní, “Kò tó mi o, ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn.” Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìtọ́kàn yín sọ gbólóhùn yẹn kí n gbọ́. Ẹ yí i padà náà: ẹni tó kọ́lé mẹ́ta tó tún ń da òkúta sórí ilẹ̀ ọmọ òrukàn, nǹkan tó o, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń tọrọ ànító àníṣẹ́kù lọ́tọ̀, tí wọ́n ń tọrọ ìtẹ́lọ́rùn lọ́tọ̀. Bí ìkan bá jẹ́ èkejì, kí ni wọ́n ń tọrọ lẹ́ẹ̀mejì sí?

Ẹ ní ọrùn ò níṣẹ́. Gbèsè ń wọni lọ́rùn, ẹ̀bi ń wà lọ́rùn ẹni, ọ̀ràn ń bọ́ lọ́rùn ẹni. Ibi tí ayé ti ń wọ ènìyàn lára nìyẹn lédè Yorùbá. Ìyá ìyá mi, kí wọ́n tó gbé ẹrù oko, wọ́n á ká àkísà aṣọ ṣe òṣùká, wọ́n á ní ká gbé e rù wọ́n, wọ́n á yí ọrùn díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, títí ẹrù yóò fi jókòó. Iye tí ẹrù náà wúwo nílẹ̀ ló ṣì wúwo lórí. Wọn ò sì sọ pé ó fúyẹ́. Òun ni mo máa ń rí bí mo bá gbọ́ pé nǹkan tẹ́ni lọ́rùn.

Arákùnrin tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí pé “ìtẹ́ ní ọ̀run” ni ìtumọ̀ ìtẹ́lọ́rùn, àmì ohùn ni kẹ́ ẹ lọ tọ́jú. “A so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọmọ lọ́rùn”, “Bàbá wa ń bẹ lọ́run.” Ẹ gbọ́ ìparí méjèèjì. Ẹ ṣí 1 Tímótì 6:6, “ìwà-bí-Ọlọ́run pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn”, kí ẹ fi ìtẹ́ ọba síbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ẹsẹ tó tẹ̀lé e, tó ní a kò mú ohunkóhun wá sí ayé, yóò bá a mu.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi parí ìwé wọn, pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà, òṣómàáló, kí ni tirẹ̀ nínú ìtẹ́lọ́rùn. Èyí dùn mí. Ogun Kírìjì parí ní 1893, àwọn bàbá wa di aláṣọ, wọ́n ń tà á láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọjọ́ àdéhùn bá pé, wọ́n á dé, wọ́n á kọ àga, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà: òṣó mà á ló kí n tó gbowó mi. Owó aṣọ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn tà ni. Ta ló sọ fún yín pé ìtẹ́lọ́rùn ni kí ènìyàn fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún onígbèsè? Ìmẹ́lẹ́ nìyẹn ń jẹ́. Olójúkòkòrò kì í lóṣòó de owó ara rẹ̀, tẹlòmíràn ló ń wò.

Ẹ sì kọ ọ́ ní “oṣó”. Òṣó ni, ti lílóṣòó. Àwọn bàbá mi kì í ṣe oṣó. Ẹ kọ́kọ́ tún ìyẹn kọ. Ẹni tó ní “ìtẹ́lọ́rùn ni baba ìwà”, èmi “sùúrù” ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà Ìjọ̀kà, ní Iléṣà níbí, mi ò sì ní yí i padà. Bí wọ́n bá ń pe tiyín bẹ́ẹ̀ ní Ifẹ̀, ẹ sọ fún wa ẹni tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ.