Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí ayélujára, ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Aláró (Abẹ́òkúta)
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọrọ̀ ajé o. Ìdí aró ni wọ́n bí mi sí, ìyá mi àgbà tí ó wá láti Ìbàdàn ni ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ kọ ẹ̀kọ sára aṣọ kí ó tó wọnú ìkòkò aró. Mo wà lára àwọn tí ó tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lo WhatsApp ti àwọn oníṣòwò nígbà tí ó jáde ní ọdún 2018, mo sì ti fi Instagram àti TikTok kún un. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, nínú gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí, èwo ni ó ń mú owó wọlé fún yín ní tòótọ́? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ń dùn mí. Mo pàtẹ fọ́tò àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, èyí tí ó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó lára. Kò pẹ́ tí oníbàárà mi kan fi fọ́tò náà ránṣẹ́ padà sí mi pé ẹlòmíràn ń tà á ní ìdajì iye tí mo pè é. Okùn tí mo sá aṣọ sí wà níbẹ̀, ògiri wa tí aró ti ta sí wà níbẹ̀, orúkọ mi nìkan ni wọ́n gé kúrò. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni wọ́n gbé fún ẹni tí ó sanwó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kiri pé àwọn aláró Abẹ́òkúta ti di oníjìbìtì.

Olófì (Ìṣẹ́yìn)
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo àwa tí a ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ní tèmi, pípe ara ẹni lórí fídíò ni ó ń mú owó wọlé jù, ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀. Ìdílé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n hun àlàárì, aṣọ òfì pupa, fún ìgbéyàwó ọmọ wọn. Orí fídíò ni a ti yan òwú. Mo ń gbé e sókè ní ìdì kọ̀ọ̀kan, ìyá ìyàwó sì ń sọ pé èyí ni, èyí kọ́. Nígbà tí aṣọ dé ọwọ́ wọn, wọ́n ní pupa tí àwọn rí kọ́ nìyí, bẹ́ẹ̀ òwú kan náà ni. Ojú fóònù a máa yí àwọ̀ padà, iná tí a tàn náà a sì máa yí i. Láti ìgbà náà, n kì í jókòó sí ìdí òfì títí tí mo bá fi fún ẹni tí ń rìnrìn-àjò ní gígé òwú bíi mélòó kan, kí oníbàárà fi ojú ara rẹ̀ rí i ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ó sì tọ́ka sí èyí tí ó fẹ́.

Arábìnrin Peckham
Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n Olófì sọ. Aṣọ ẹbí wa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹtù, aṣọ òfì aláwọ̀ aró, ni a rà lójú fóònù, ohun tí ó dé fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú kirikiri.

Akọ̀wé Mokola
Ẹ má bínú, Ọmọ Aláró, ṣé ó dá yín lójú pé olè ayélujára ni? Ó lè jẹ́ ọmọ iṣẹ́ yín ni ó gbé fọ́tò náà jáde.

Ọmọ Aláró (Abẹ́òkúta)
Èmi àti ọmọ ìyá mi nìkan ni a jọ ń ṣiṣẹ́. Ohun tí a gbé sí gbangba, ta ni kò lè mú un? Ẹni tí ó bá wo ìkànnì mi kàn nílò láti ya ojú fóònù rẹ̀ ni.

Ọlọ́ṣẹ Dúdú (Oǹdó)
Kí n dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. TikTok ń fi ọjà mi hàn, WhatsApp ni ó ń tà á, mi ò sì rò pé àwọn méjèèjì ṣe iṣẹ́ kan náà rí. Àwọn olùtẹ̀lé mi ní láti tó 1,000 kí TikTok tó gbà mí láàyè láti ṣe Live, ìyẹn fídíò tí àwọn ènìyàn ń wò bí mo ti ń ṣe é lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n pé, mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, mo sì ń ro ọṣẹ lójú wọn. Ìbéèrè wá bò mí mọ́lẹ̀: eérú kí ni, ṣé èèpo kòkó ni, ṣé àdín ni tàbí epo pupa, ṣé ó dára fún awọ ọmọ tuntun. Àwọn tí ń wò pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n agbára káká ni ẹnì kan nínú wọn fi rà. Àwọn tí ó rà ni àwọn tí ó gba nọ́ńbà mi, tí wọ́n fi pamọ́, tí wọ́n sì ń rí mi lójoojúmọ́ lórí Status. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo àtẹ̀ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ rántí pé ènìyàn 256 ni ó ń gbà, ẹni tí kò bá sì fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní í rí i láéláé. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ gbogbo oníbàárà tuntun pé kí ó fi nọ́ńbà mi pamọ́ kí a tó sọ̀rọ̀ owó.

Ìyá Ìbejì
Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ṣeun gan-an!

Aláta Bódìjà
Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀yin aláṣọ. Kí ló dé tí ẹ kì í fi iye ọjà hàn? A ó rí aṣọ tí ó wu ni, a ó béèrè iye rẹ̀, ẹ ó ní kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Èmi ń kọ iye ata, tàtàsé àti àlùbọ́sà sórí Status mi ní àràárọ̀, kò sì dí mi lọ́wọ́.

Bọ̀dé Kọ̀ǹpútà
Ẹni tí ó bá fi iye pamọ́ fún mi, mo ti kọjá lọ ní tèmi.

Ọmọ Aláró (Abẹ́òkúta)
Ẹ̀gbọ́n Aláta, ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí mo bá kọ iye síta lónìí, ẹni tí ń ta aṣọ ẹ̀rọ yóò kọ ìdajì rẹ̀ sí abẹ́ tèmi kí ilẹ̀ tó ṣú. Iye tí a ń ra aṣọ funfun pàápàá kì í dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà, oníbàárà Yorùbá fẹ́ ná ọjà. Tí mo bá ti kọ iye síta, ó dà bí ẹni pé mo ti pa ìná mọ́ ọn lẹ́nu.

Aláta Bódìjà
Mo gbọ́ ti ìná, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ẹ kọ iye, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ṣeé ná. Ẹni tí ó ń fọwọ́ yẹ ọjà wò nínú ọjà lè jókòó tì yín, kí ẹ jọ sọ ọ́ títí. Ẹni tí ó ń wo fóònù nínú ọkọ̀ dánfó kò ní àyè bẹ́ẹ̀. Dátà tí ó fi ń bi yín léèrè, owó ni. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí NCC, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà.

Olófì (Ìṣẹ́yìn)
Ti ata yàtọ̀ sí ti òfì. Ata ti òní ni ata ti òní. Aṣọ tèmi, mi ò lè sọ iye rẹ̀ títí n ó fi mọ bí gèlè, fìlà àti agbádá yóò ṣe pọ̀ tó.

Ọlọ́ṣẹ Dúdú (Oǹdó)
Ẹ kọ iye ọ̀pá kan, Ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn kò le.

Tísà Òṣogbo
Ẹ fi ọ̀rọ̀ iye sílẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ ti olè tí ó burú jùlọ. Ẹnì kan pe àbúrò mi tí ó ń ta bàtà, ó ní òun ni ó ń kọ orúkọ sílẹ̀ fún ìpàdé àwọn oníṣòwò, pé kí ó ka nọ́ńbà mẹ́fà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún òun. Nọ́ńbà tí WhatsApp fi ń mọ̀ pé ènìyàn ni ó ni àkáǹtì rẹ̀ ni. Bí ó ti kà á tán ni wọ́n lé e jáde, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú. Àwọn kan sanwó. Títí di òní, ẹni tí ó pàdánù owó rẹ̀ kò tíì padà wá rà. Ẹ wọ inú ètò WhatsApp yín lónìí, kí ẹ tan ìdánimọ̀ ìpele méjì (two-step verification), kí ẹ yan nọ́ńbà àṣírí tí kò ní í jẹ́ ọdún ìbí yín.

Ìyá Ìbejì
Irú ìpè yẹn wọlé sórí fóònù mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá! Mo ti fẹ́ẹ̀ ka nọ́ńbà náà kí ọmọ mi tó gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Arábìnrin Peckham
Kí a padà sí ti àdìrẹ. Báwo ni èmi tí mo wà lókè òkun yóò ṣe mọ ojúlówó lójú fóònù?

Ọmọ Aláró (Abẹ́òkúta)
Ẹ ní kí olùtajà yí aṣọ náà síta sínú níwájú yín lórí fídíò. Aró a máa wọ inú aṣọ dé ẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kì í sábà hàn dáadáa ní ẹ̀yìn. Ẹ tún wo àwòrán méjì tí ó jọ ara wọn lára aṣọ kan náà: tí a bá fi ọwọ́ kọ ọ́, wọn kì í bára mu délẹ̀délẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ọkàn mi balẹ̀ jù ni èyí tí mo ń ṣe báyìí. Bí mo bá ń fa aṣọ jáde láti inú ìkòkò aró, àwọ̀ ewé ni ó máa ń kọ́kọ́ ní. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i ni yóò máa di aró lójú ẹni. Mo ń ya fídíò ìṣẹ́jú yẹn gan-an, mo sì ń dárúkọ ẹni tí ó ni aṣọ àti ọjọ́ tí a wà pẹ̀lú ohùn ara mi. Ẹni tí ó bá jí fídíò náà gbé yóò kàn máa polówó aṣọ tí ó ti ní olówó ni.

Akọ̀wé Mokola
Mo gba ti èyí. Mo kó ọ̀rọ̀ mi ti àárọ̀ jẹ.

Bọ̀dé Kọ̀ǹpútà
Ẹ gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ sórí TikTok, kí ẹ kọ nọ́ńbà WhatsApp yín sójú rẹ̀ gàdàgbà. Status kò ní í pẹ́ ju wákàtí 24 lọ kí ó tó parẹ́, ti TikTok yóò wà níbẹ̀.

Arábìnrin Peckham
Mo fẹ́ ọ̀pá márùn-ún Ìbàdàndùn, kí ẹ sì dárúkọ mi nínú fídíò náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye rẹ̀ síbí.

Aláta Bódìjà
Ẹ kọ ọ́ síbí o, Ọmọ Aláró. Gbogbo wa ń wò.