Ẹ̀rí ìtàn, àrídájú àti àjíǹde Jésù

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín láti Adó-Èkìtì. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ gbé kalẹ̀ ni mo fẹ́ dá sí. Wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ lórí àjíǹde Jésù fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, wọ́n sì ń wá orúkọ Yorùbá fún irú ẹ̀rí tí àwọn òpìtàn máa ń rí nínú àkọsílẹ̀ àti ohun àtijọ́. “Àrídájú ìtàn” ni wọ́n dábàá. Ọ̀rẹ́ wa láti Ìjerò fèsì pé a kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun, pé “ẹ̀rí” lásán ti tó. Lójú tèmi, “àrídájú” ju ohun tí ìwádìí ìtàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí lọ, “ẹ̀rí” lásán yóò sì da ọ̀rọ̀ rú mọ́ àwọn ọmọ náà lójú. “Ẹ̀rí ìtàn” ni mo fara mọ́.

Ẹ wo bí a ṣe ń lo “ẹ̀rí”. Ní ilé ẹjọ́, ẹni tó bá ní ìṣojú òun kòró ni ọ̀ràn náà ṣe ni ẹlẹ́rìí, agbẹjọ́rò yóò sì bi í léèrè ibi tó dúró sí, bí ilẹ̀ ti ṣú tó, àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí yóò bọ́ síwájú, yóò ní kí a bá òun yin Olúwa, a ó ké Halelúyà, yóò ròyìn bí Ọlọ́run ṣe gba ọmọ òun lọ́wọ́ àìsàn, orin yóò sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní bi í ní ìbéèrè, kò sì yẹ kí a bi í, nítorí ọpẹ́ ló ń dá. Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ti ṣọ́ọ̀ṣì ju ti ilé ẹjọ́ lọ, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn.

Ní ti “àrídájú”, ohun tí ojú rí tó sì dáni lójú ni. Òpìtàn kò rí; ohun tó ṣẹ́ kù ló ń yẹ̀ wò. Àwa ọmọ Èkìtì mọ èyí láti ara ogun Kírìjì. Kò sí ẹni tó wà láyé lónìí tó gbọ́ ìró ìbọn náà, síbẹ̀ a gbà pé ogun náà jà, nítorí a ní ìwé àdéhùn àlàáfíà ti 1886, a ní àkọsílẹ̀ Samuel Johnson tí wọ́n rán níṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àlàáfíà náà, a sì ní ohun tí àwọn baba ń sọ fún ọmọ. Lóòótọ́, “ìtàn” a máa túmọ̀ sí àròsọ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n nígbà tí “ẹ̀rí” bá ti ṣáájú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ àjíǹde, ohun tó wà nílẹ̀ kò kéré. Tacitus, òpìtàn ará Róòmù tí kò fẹ́ràn àwọn Kristẹni rárá, kọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 116 pé Pọ́ńtíù Pílátù ló pa Kristi. Ní 1968, wọ́n rí egungun gìgísẹ̀ ọkùnrin kan nínú ibojì ní Jerúsálẹ́mù tí ìṣó ṣì wà nínú rẹ̀, èyí tó fi hàn pé wọ́n a máa sin ẹlòmíràn nínú àwọn tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú. Ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni orí 15 nínú ìwé kìíní tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì ní nǹkan bí ọdún 55, nígbà tí kò tíì pé ọdún 30 tí wọ́n pa Jésù. Ó ní ohun tí òun náà gbà ni òun fi lé wọn lọ́wọ́: pé Jésù fara han Kéfà, ìyẹn Pétérù, àwọn méjìlá, àwọn ará tó lé ní 500 lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè, lẹ́yìn náà Jákọ́bù arákùnrin Jésù, àti òun Pọ́ọ̀lù níkẹyìn. Nínú ìwé tó kọ sí àwọn ará Gálátíà, ó ní òun lo ọjọ́ 15 lọ́dọ̀ Kéfà ní Jerúsálẹ́mù, òun sì rí Jákọ́bù. Ẹni tó bá ń sọ pé àwọn ẹlẹ́rìí ṣì wà láàyè ti fún olùgbọ́ rẹ̀ láyè láti lọ bi wọ́n.

Ibi tí ẹ̀rí ìtàn lè gbé wa dé ni pé àwọn ènìyàn tí a mọ orúkọ wọn ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àwọn rí Jésù lẹ́yìn ikú rẹ̀. Pé Ọlọ́run ló jí i dìde, mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ìgbàgbọ́ ni mo sì ń pè é. Ọmọ tí a bá sọ fún pé àrídájú ni, tó wá kà á níbòmíràn pé ẹ̀dà Ìhìnrere Máàkù méjì tó lọ́jọ́ lórí jù nínú àwọn tó pé, ti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, parí síbi tí àwọn obìnrin ti fi ẹ̀rù sá kúrò níbi ibojì, láì tíì sọ pé ẹnikẹ́ni rí Jésù, yóò rò pé a tan òun jẹ.

“Àjíǹde” náà ń fẹ́ àlàyé. A ń kí aláìsàn pé “àjíǹde ara á máa jẹ́”, ìlera ni a sì ń tọrọ fún un. Ọ̀rẹ́ wa láti Ìjerò tún béèrè bóyá kì í ṣe àkúdàáyà ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí, ìbéèrè yìí sì yẹ kó wọ inú ìwé náà. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa olóògbé tí wọ́n rí lọ́jà Kánò, tó ti fẹ́yàwó, tó ń tajà, tó sì pòórá kí ará ilé rẹ̀ tó dé. Ìlú tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n ni àkúdàáyà ń gbé, ojúlùmọ̀ ló ń sá fún, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ pé ibojì rẹ̀ ṣófo. Ohun tí àwọn ìwé Ìhìnrere sọ yàtọ̀ pátápátá. Ìlú tí wọ́n ti pa Jésù gan-an ni wọ́n ti ní ibojì rẹ̀ ṣófo, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù lọ ni Jésù sì fara hàn. Lúùkù ní ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n rò pé ẹ̀mí ni, ó sì gba ẹja yíyan, ó jẹ ẹ́ lójú wọn. Ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní obìnrin ló kọ́kọ́ dé ibojì náà, bẹ́ẹ̀ Josephus, òpìtàn Júù ayé ìgbà náà, kọ ọ́ pé òfin àwọn Júù kò gba ẹ̀rí obìnrin. Ẹni tó bá ń hun irọ́ kò ní yan ẹlẹ́rìí tí adájọ́ yóò lé padà.

Àbá mi ni pé kí ẹ̀gbọ́n wa lo “ẹ̀rí ìtàn” fún àkọsílẹ̀ àti ohun àtijọ́, kí wọ́n fi “ìjẹ́rìí” sílẹ̀ fún ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì kọ “àjíǹde kúrò nínú òkú” ní kíkún níbi àkọ́kọ́ tó bá ti jẹyọ ní orí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù láti inú ẹ̀ka-èdè Èkìtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ kí ìwé náà tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé.