Ìyá mi há sí Cologne nítorí bọ́ǹbù: báwo ni wọ́n ṣe lè rí oògùn wọn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Jámánì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Òṣogbo ni mo wà. Ìyá mi, tí òwò àdìrẹ gbé lọ sí Cologne, wà lára àwọn ènìyàn tó lé ní 20,000 tí ìjọba ní kí ó kúrò ní agbègbè Deutz lónìí, ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 2025, kí àwọn amọ̀ṣẹ́ lè pa oró bọ́ǹbù 3 tó ṣẹ́kù láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àpamọ́wọ́ àti sálúbàtà ẹsẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n bá jáde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, àárọ̀ àná ni wọ́n sì ti lò ó kẹ́yìn.

Mo ti pe hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n dé sí títí, kò sí ẹni tó gbé e, bóyá nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà ti kúrò. Mo fi àwòrán páálí oògùn náà, amlodipine, ránṣẹ́ sí wọn, ṣùgbọ́n ilé oògùn tí wọ́n mú un dé ní àfi ìwé dókítà. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Níbo ni àlejò tí kò ní ìwé ìbánigbófò ìlera Jámánì ti lè rí dókítà tí yóò kọ oògùn yìí fún un kí ilẹ̀ tó ṣú, àbí ọlọ́pàá lè bá wọn mú un jáde nínú yàrá?