Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Bull's Bridge: a ti rí omi o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé tá a bá wa ọkọ̀ ojú omi wa kúrò ní Bull's Bridge, ìyẹn afárá kan lórí odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ (canal) ní Hayes, ní London, níbo la ti máa pọn omi sọ́kọ̀ ká sì da ìdọ̀tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì nù. Ó ti yanjú. Abẹ́ afárá funfun yẹn la gbà wọ Paddington Arm, ẹ̀ka canal náà, látọdún 1801 ni wọ́n ti ń lò ó, kò sí lock kankan (ilẹ̀kùn omi tó ń gbé ọkọ̀ sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀) títí dé Little Venice, ní London níbẹ̀ náà, bíi máìlì 13 àbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò sì sáré torí máìlì 4 ni òfin gbà fún wákàtí kan, a tiẹ̀ tún ń rọra tá a bá ń kọjá lára ọkọ̀ tí wọ́n so. Little Venice la ti rí gbogbo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ Watermate dání, òun la fi ń ṣí ibi omi àti ibi ìdalẹ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì! Ìgbà tí mo yí i tó dún kẹ̀ẹ̀, inú mi dùn gan-an. Kí rọ́bà omi yín gùn dáadáa, tiwa ló kù díẹ̀ kó má dé ẹnu táǹkì. Ẹni tó ní ká ra oúnjẹ ní Tesco ẹ̀gbẹ́ afárá ká tó gbéra, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.