Bátìrì tó ń gbẹ nínú báàgì: ó ti yanjú

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Láptọ́ọ̀pù mi tó ń lo Ubuntu (irú Linux kan), tí mo bèèrè nípa rẹ̀, tó ń gbóná tí bátìrì rẹ̀ sì ń gbẹ láti Kubwa dé Wuse l'Ábújá bí a tilẹ̀ pa á dé, ti yanjú.

Ẹ ṣí Terminal (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), ẹ tẹ cat /sys/power/mem_sleep. Bí àmì akámọ́ [ ] bá yí s2idle ká, oorun ojú lásán ló ń sùn. Deep ni oorun gidi: RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ iná.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò: echo deep | sudo tee /sys/power/mem_sleep. Ẹ wá pa á dé kó sùn, kí ẹ sì tún un ṣí. Bó bá kọ̀ láti jí, ẹ pa á pátápátá, ẹ tún un tàn. Yóò padà sípò. Bó bá jí dáadáa, ẹ fi mem_sleep_default=deep kún ìlà GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT nínú fáìlì /etc/default/grub (GRUB ni ètò tó ń tan Ubuntu), lẹ́yìn náà ẹ tẹ sudo update-grub. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé èyí tó kẹ́yìn yẹn.